Wáyà Ilẹ̀ Síníma Àmúdàtù

Ní ọjọ́ kejì Iléyá, ọdún 1955, kí ẹran tó jinná tán nínú ìkòkò, gbogbo àdúgbò ti gbọ́ pé síníma Àmúdàtù yóò ṣí ní ìrọ̀lẹ́. Àwọn ọmọdé ti ń sáré yí agboolé náà ká láti àárọ̀ kùtù. Àwọn àgbà ń ṣe bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ò kàn wọ́n, ṣùgbọ́n ẹni tó ń lọ ra iyọ̀ á gba ẹnu ọ̀nà Àmúdàtù lọ, á sì tún gba ibẹ̀ bọ̀, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tó ń ta iyọ̀ lápá ibẹ̀ rárá.

Àmúdàtù fúnra rẹ̀ kò lè jókòó. Ó ti jí kí ládàánì tó pe ìrun. Ó ti wọ bùbá ọdún, ó ti bọ́ ọ, ó ti tún un wọ̀. Bó bá dé iwájú ilé, á ní òun gbàgbé nǹkan sẹ́yìn. Bó bá dé ẹ̀yìn, á ní iwájú ni nǹkan náà wà.

Aṣọ ló ń tà. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó pọ́ńbélé ni, ẹnu rẹ̀ mú, ẹsẹ̀ rẹ̀ yá. Ganiat, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ti lọ sílé ọkọ, ṣùgbọ́n Ìyá Ganiat ni gbogbo ayé ṣì ń pè é. Nígbà tí ọkọ Àmúdàtù kú, ó fi àgbàlá ńlá kan sílẹ̀ lẹ́yìn ilé, níbi tó máa ń to pákó sí. Àwọn mọ̀lẹ́bí ní kí ó kọ́ yàrá síbẹ̀, kí ó fi gba ayálégbé. Àmúdàtù ní rárá. Ó ti rí i lọ́jọ́ kan ní Obalende tí wọ́n ta aṣọ funfun mọ́ ẹ̀gbẹ́ mọ́tò, tí ẹṣin ń sáré lórí aṣọ náà, tí èrò ń hó gèè, tí òun náà pariwo títí gèlè fi bọ́ lórí rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ọkàn rẹ̀ kò ti sinmi mọ́.

“Síníma ni n ó ṣe síbẹ̀,” ló sọ fún wọn.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín tán, ó sì pe bíríkìlà.

Ní báyìí, ògiri ńlá kan ti dúró ní ìpẹ̀kun àgbàlá, funfun báláú. Bẹ́ǹṣì ti tò. Ilé kékeré kan wà ní ìpẹ̀kun kejì, tó dojú kọ ògiri náà, fún ẹ̀rọ síníma. Síkírù, àbúrò Àmúdàtù, ni yóò máa yí ẹ̀rọ. Ó ti kọ́ iṣẹ́ náà lọ́dọ̀ ọ̀gá kan títí ó fi mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó. Òpó irin tí gílóòbù wà lórí wọn dúró káàkiri, kí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni má baà ṣì gbé bí ilẹ̀ bá ṣú. Ohun kan ṣoṣo tó kù ni iná, Jíbrílù ló sì ń ṣe ìyẹn.

Jíbrílù, oníṣẹ́ iná, ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni. Ní Àpápá, níbi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe, ló ti kọ́ṣẹ́. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ní ìwà kan tó máa ń pa àwọn èèyàn lẹ́rìn-ín: bó bá ń ṣiṣẹ́, á máa bá wáyà sọ̀rọ̀ bí ẹni ń tu ẹṣin lójú. “Rọra, ọmọ mi. Yí síbí. Ó dáa. Má jà mí níyàn.” Iná wọlé láti òpó títì sínú àpótí irin kan lẹ́nu ọ̀nà iwájú. Láti inú àpótí yẹn ni Jíbrílù ti fa wáyà gba abẹ́ ilẹ̀ la àgbàlá kọjá, títí dé àpótí irin mìíràn ní ilé ẹ̀rọ. Wáyà yẹn kì í ṣe wáyà lásán. Kébù ni wọ́n ń pè é, ó nípọn bí ọrùn ọwọ́ ọmọdé. Wáyà tí iná ń gbà wà nínú rẹ̀ lọ́hùn-ún; wọ́n fi rọ́bà bò ó; wọ́n wá fi okùn irin wẹ́wẹ́ wé gbogbo rẹ̀ yíká, bí ẹni hun apẹ̀rẹ̀, kí okúta tàbí eku má baà pa á lára nínú ilẹ̀. Níbi tí kébù bá ti wọ inú àpótí, ohun idẹ kan wà níbẹ̀ bí ọrùn ìgò, tó di ẹnu rẹ̀ mú gírígírí, tó sì fún àwọn okùn irin náà pa. Gíláǹdì lorúkọ rẹ̀.

Àmúdàtù rí i pé gíláǹdì ti wà níbí, gíláǹdì ti wà lọ́hùn-ún, wọ́n ti bo kébù mọ́lẹ̀. Kí ló tún kù?

“Jíbrílù, tan iná ká rí i!”

“Ó kù díẹ̀, Ìyá Ganiat.”

“Díẹ̀ wo? Láti àná ni mo ti ń gbọ́ díẹ̀ yìí.”

“Wáyà ilẹ̀ ni, mà. Mi ò tíì so gíláǹdì mọ́lẹ̀.”

Àmúdàtù wo gíláǹdì. Ó wo ilẹ̀. Ó rí i pé nǹkan méjèèjì kò jìnnà síra wọn, kò sì mọ ìdí tí a fi ní láti so wọ́n pọ̀. Àwọn aládùúgbò tó ti yọjú lórí ògiri ń retí. Ọmọdé kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo “Iná! Iná!” àwọn yòókù sì gbà á lẹ́nu rẹ̀.

“Bí o ò bá so ó, ṣé iná ò ní tàn ni?”

“Yóò tàn, mà. Yóò tàn rekete. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn. Iná tó bá tàn ló máa ń tan èèyàn jẹ.”

“Ẹ gbọ́ ẹnu ọmọ Ẹ̀pẹ́!”

Jíbrílù rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò gbé ọwọ́ lé súìṣì. Ó nawọ́ sí òrùlé. “Ẹ wo gọ́tà yín, mà. Òjò tó bá rọ̀ sórí páànù, gọ́tà ló ń gbé e lọ sí kòtò, kò ní yà sórí ibùsùn yín. Irin tó wà lára kébù yìí, gọ́tà iná ni. Bí nǹkan bá bu kébù jẹ nínú ilẹ̀, tí iná sì fò jáde lára wáyà, irin yẹn ló máa gbá a mú. Ṣùgbọ́n gọ́tà tí kò já sí kòtò kan, ìwúlò wo ló ní? Iná á kàn dúró sára irin, sára gíláǹdì, sára àpótí, sára òpó tí àwọn ọmọ wọ̀nyí fẹ́ fara tì. Yóò máa retí ẹni tó máa gba ara rẹ̀ kọjá wọlẹ̀.”

Ariwo ọmọdé kò jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ wọ Àmúdàtù létí. Èyí tó wọ̀ ọ́ létí náà, ó gbọ́ ọ bí ẹni tí ebi ń pa ṣe ń gbọ́ wáàsí. Ṣùgbọ́n obìnrin tó mọ ọjà ni. Ó mọ ojú ẹni tó ń fa ọ̀rọ̀ gùn kí iṣẹ́ má tán, ó sì mọ ojú ẹni tí kò ní yẹsẹ̀. Ojú Jíbrílù kò yẹ̀.

“Ó dáa. Kí ni mo lè gbà mú? Nítorí bí mo bá dúró lásán, màá ya wèrè.”

Báyìí ni Àmúdàtù, nínú bùbá ọdún, ṣe di ọmọ iṣẹ́ Jíbrílù. Wọ́n gbé ọ̀pá idẹ gígùn kan lọ sí ẹ̀gbẹ́ kànga, níbi tí ilẹ̀ kì í gbẹ, Jíbrílù sì ń fi òòlù gbá a wọlẹ̀ bí Àmúdàtù ti ń da omi sí i. Wọ́n padà sí ìdí àpótí iwájú. Jíbrílù mú ayùn irin, ó ń fi í ha ọ̀dà tuntun tó wà lára àpótí náà níbi tí gíláǹdì ti wọlé.

“Ah! Ọ̀dà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí wọ́n kùn!”

“Ọ̀dà kì í jẹ́ kí irin fẹnu ko irin, mà.”

Ó mú òrùka idẹ fẹlẹfẹlẹ kan tó ní etí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fi kọ́ gíláǹdì lọ́rùn, ó sì fi sípánà fún un mọ́ ibi tó ti ha. Etí òrùka náà yọ síta. Etí yẹn ló so wáyà bàbà tó nípọn mọ́, wáyà bàbà náà ló sì fà lọ bá ọ̀pá ẹ̀gbẹ́ kànga. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ ní ilé ẹ̀rọ pẹ̀lú, wọ́n sì so ìdí àwọn òpó mọ́ ọn. Nígbà tí wọ́n fi máa ṣe tán, Àmúdàtù ti mọ orúkọ gbogbo rẹ̀, ó sì ti ń bá àwọn ará orí ògiri wí: “Ẹ ní sùúrù, a ń so òrùka ni!” bí ẹni pé òun ló ti kọ́ iṣẹ́ náà ní Àpápá.

Ọ̀sán ti pọ́n nígbà tí Jíbrílù fi ọwọ́ lé súìṣì. “Bìsìmílàhì.”

Gílóòbù gbogbo ṣẹ́jú, wọ́n sì tàn. Oòrùn wà lókè, bẹ́ẹ̀ kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ kí ó pariwo. Ariwo tó sọ ní àgbàlá yẹn, wọ́n á gbọ́ ọ dé Ìdúmọ̀tà. Àmúdàtù fò sókè, ó di ọmọdé. Ó ń na ìka sí gílóòbù kọ̀ọ̀kan: “Ẹ wò ó! Ẹ wo ìyẹn! Ẹ wo tìyẹn náà!”

Ibi tí inú gbogbo èèyàn ti ń dùn yìí ni Síkírù bá wọn. Ó ti lọ kí àwọn àna rẹ̀ kú ọdún. Òun náà gbé ayọ̀ náà mì lódindi. Ó bọ́ bàtà, ó ká ṣòkòtò sókè, ó ní òun fẹ́ ta àtíbàbà sórí bẹ́ǹṣì àwọn àgbà kí oòrùn má baà pa wọ́n. Kò sí ẹni tó rántí pé Síkírù kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń bo kébù mọ́lẹ̀. Bíríkì ni Jíbrílù tò sórí kébù kí ọkọ́ má baà kàn án, ṣùgbọ́n bíríkì tán nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n dé ẹ̀gbẹ́ kànga, wọ́n sì ti fi iyanrìn tẹ́ ojú ibẹ̀ pẹrẹsẹ. Ibẹ̀ gan-an ni Síkírù yàn. Ilẹ̀ rọ̀ níbẹ̀. Ó fi ọwọ́ òsì di èèkàn irin mú, ó gbé òòlù sókè.

Òòlù àkọ́kọ́, èèkàn wọlé. Òòlù kejì, ó tún wọlé sí i. Òòlù kẹta, ilẹ̀ bú gbàù!

Iná ńlá kọ mànà ní ìdí èèkàn, gbogbo gílóòbù kú lẹ́ẹ̀kan náà, Síkírù sì fẹ̀yìn lélẹ̀ gbalaja.

Ẹsẹ̀ Àmúdàtù ti gbéra kí ọkàn rẹ̀ tó mọ̀.

“Ẹ má fọwọ́ kàn án!” Jíbrílù ló kígbe yẹn. Ó sáré kọjá lára rẹ̀ bí ọfà, ó lọ sídìí àpótí iwájú, ó fa súìṣì wálẹ̀, ó sì sáré padà. Ìgbà yẹn ló kúnlẹ̀, ó gbé orí Síkírù lé itan. “Síkírù! Síkírù!”

Àmúdàtù dúró gbagidi níbi tí igbe náà bá a. Àbúrò kan ṣoṣo tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un nìyí. Òun ló pọ̀n ọ́n. Òun ló kọ́ ọ ní ààtò ìrun.

Síkírù la ojú. Ó wo ojú ọ̀run. Ó wo Jíbrílù. Ó gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ sókè, ó ń wò ó bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni.

“Ta ló yìnbọn?” ló béèrè.

Ẹ̀rín àti ẹkún bú jáde lẹ́nu Àmúdàtù papọ̀. Ó gbá àbúrò rẹ̀ mọ́ra, ó ń lù ú lẹ́yìn, ó ń pe Ọlọ́run, ó ń bú u, ó ń kì í, kò mọ èyí tó ń ṣe. “Àlùhámúdúlílàhì! Ìwọ ọmọ yìí! Àlùhámúdúlílàhì!” Kò sí ibi kankan tó jó lára Síkírù. Ìjayà ló ta á nù.

Jíbrílù fa èèkàn náà yọ. Ẹnu rẹ̀ ti yọ́, ó dúdú, ó ká kò bí èékánná adìẹ. Jíbrílù kò rẹ́rìn-ín mọ́, kò sì bá wáyà sọ̀rọ̀.

“Ìyá Ganiat,” ó ní jẹ́jẹ́, “èèkàn yìí la irin ara kébù kọjá, ó sì kan wáyà iná lọ́hùn-ún. Síkírù ń bẹ lórí ilẹ̀ tútù, kò wọ bàtà, ó sì di èèkàn mú. Ká ní irin kébù kò nílé tó ń lọ ni, ara Síkírù ni iná ìbá gbà wọlẹ̀. Ṣùgbọ́n irin ló gbé e, ó kó o dé gíláǹdì, gíláǹdì fi lé òrùka lọ́wọ́, òrùka fi lé wáyà bàbà, fíúsì inú àpótí iwájú sì já, iná kú, kí Síkírù tó ṣẹ́jú.” Ó mí kanlẹ̀. “Èmi náà ni mo jẹ̀bi bíríkì tó tán. Ó yẹ kí n fi àmì sí ibẹ̀.”

Àmúdàtù rìn lọ sídìí àpótí iwájú, ó bẹ̀rẹ̀, ó wo òrùka kékeré náà. Òrùka tí kò tóbi ju èyí tí ọmọdé fi ń ṣeré. Láàárọ̀ yìí, ẹnu rẹ̀ ló fi ní kí wọ́n tan iná láìsí i. Omi bọ́ lójú rẹ̀ ṣùgbọ́n ó nù ún kíá.

Àwọn ará orí ògiri ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀. “Ó parí náà nìyẹn.” “Ẹ jẹ́ kó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, Ìyá Ganiat. Orí ló yọ yín.” Àmúdàtù náà fẹ́ gbà. Ó yíjú sí Síkírù láti ní kí ó lọ dùbúlẹ̀.

Síkírù ti dìde. Ó ti ń gbọn iyanrìn kúrò lára. “Ta ni yóò lọ dùbúlẹ̀? Àǹtí mi, mo ti fi gbogbo ẹnu mi sọ fún àwọn àna mi pé wọ́n máa rí síníma lónìí. Wọ́n ń bọ̀!”

Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín, ohun tó ti fẹ́ kú nínú àgbàlá náà sì tún jí. Àmúdàtù yíjú sí Jíbrílù.

“Ṣé ó ṣeé tún ṣe kí ilẹ̀ tó ṣú?”

Jíbrílù ronú. “Màá gé ibi tó bàjẹ́ kúrò. Màá ri òpó kúkúrú kan mọ́lẹ̀ níbẹ̀, màá gbé àpótí irin lé e, kí kébù ti ìhín àti kébù ti ọ̀hún pàdé nínú rẹ̀ lókè ilẹ̀, lójú gbogbo ayé. Mo ní àpótí. Mo ká ìyókù kébù sí ẹ̀gbẹ́ ilé ẹ̀rọ, nítorí náà yóò gùn tó. Ṣùgbọ́n gíláǹdì méjì ni yóò gbà, mi ò sì ní ẹyọ kan. Ọjọ́ Àìkú nìyí, mà. Kò sí ṣọ́ọ̀bù tó ṣí.”

“Gé e,” ni Àmúdàtù wí. “Fún mi ní èyí tí o bá gé.”

Ó fi ìborùn wé ègé kébù náà, ó gbé e sábíyá bí ẹni gbé ọmọ. Ó mọ ẹni tó ń ta irinṣẹ́ iná: Sámúẹ́lì, ọmọ Ìjẹ̀ṣà kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ilé rẹ̀ ní Igbósẹrẹ̀. Adéníkẹ́, ìyàwó Sámúẹ́lì, oníbàárà Àmúdàtù ni. Síkírù ti gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ jáde.

“Ìwọ tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣubú?”

“Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń wa kẹ̀kẹ́, Àǹtí mi. Ọwọ́ ló kan èèkàn.”

Bí Àmúdàtù, ìyálé ilé, oníṣòwò pàtàkì, ṣe gun ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ nìyẹn, lójú gbogbo Ìsàlẹ̀ Èkó, lọ́jọ́ ọdún. Síkírù ń fi aago kẹ̀kẹ́ le àwọn èèyàn: kíríríríń! Wọ́n já sí Ìdúmọ̀tà, àwọn awakọ̀ ń yọrí wò wọ́n. Wọ́n kọjá Tinúbu, àwọn tó ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì nínú kóòtù àti fìlà ìbòji ń ya sẹ́gbẹ̀ẹ́. “Ìyá, ẹ rọra o!” “Ẹ kú ọdún o!” “Níbo lẹ̀ ń lọ?” Àmúdàtù ń dáhùn látorí kẹ̀kẹ́: “Ẹ wá wo síníma nílé mi nírọ̀lẹ́! Ìsàlẹ̀ Èkó! Ẹ béèrè Ìyá Ganiat!” Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sínú bùbá rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á, inú rẹ̀ sì ń dùn. Ó pẹ́ tí ara rẹ̀ ti yá báyìí gbẹ̀yìn.

Sámúẹ́lì ń jẹun nígbà tí wọ́n wọlé. Ọkùnrin kúkúrú tó kì pọ́pọ́ ni, ó sì gba ẹ̀sìn rẹ̀ gbọ́ gan-an. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ Àmúdàtù tán, ó mi orí.

“Ẹ kú ọdún, Ìyá Ganiat. Ẹ kú ewu. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ìsinmi lòní. Èmi kì í tajà lọ́jọ́ Olúwa.”

Kí Àmúdàtù tó la ẹnu, Adéníkẹ́ ti jáde láti ẹ̀yìn. “Bàbá Rónkẹ́, wòlíì kan kò ha ti bi yín ní ṣọ́ọ̀ṣì pé bí màlúù bá já sí kòtò lọ́jọ́ ìsinmi, ṣé ẹ ò ní fà á jáde?”

“Olúwa fúnra rẹ̀ ló béèrè yẹn, kì í ṣe wòlíì.”

“Ẹ ẹ̀ rí i pé ó tún wá le sí i! Màlúù Ìyá Ganiat ti wà ní kòtò.”

Sámúẹ́lì wo oúnjẹ rẹ̀, ó wo ìyàwó rẹ̀, ó wo Síkírù tí iyanrìn ṣì wà lórí rẹ̀. “Mi ò ní tà á,” ó ní, “màá yá yín.” Ó nu ọwọ́, ó mú kọ́kọ́rọ́. Nínú ṣọ́ọ̀bù, Àmúdàtù tú ìborùn, ó gbé ègé kébù náà lé orí tábìlì. Sámúẹ́lì fi gíláǹdì kan wọ̀ ọ́, ó tóbi jù. Ó fi òmíràn, ó há. Ẹ̀kẹta wọlé wẹ́kú. Ó wá èkejì rẹ̀, ó fi bébà wé méjèèjì, ó nà án sí i.

Àmúdàtù kò gbà á. “Òrùka wọn ńkọ́?”

“Òrùka wo?”

“Òrùka idẹ tó ní etí, tí a ó fi so ó mọ́lẹ̀. Mi ò gbé gíláǹdì tí kò ní òrùka kúrò níbí, Bàbá Rónkẹ́. Láyé! Èyí tí ẹ rí yìí,” ó na ìka sí Síkírù, “òrùka ló jẹ́ kó dúró síwájú yín.”

Sámúẹ́lì wò ó títí, ó sì rẹ́rìn-ín tó dé inú. “Àwọn tó ń ra gíláǹdì lọ́wọ́ mi, wọn kì í rántí òrùka, àfi bí mo bá rán wọn létí. Lónìí, èmi ni mo gbàgbé.” Òun àti Adéníkẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tú páálí. Adéníkẹ́ ló rí i lábẹ́ gílóòbù, ó sì gbé e sókè bí ẹni rí góòlù.

Nígbà tí kẹ̀kẹ́ fi máa padà dé, àgbàlá ti yí padà. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin àdúgbò ti hú ilẹ̀, wọ́n ti fa kébù síwájú, wọ́n ti ri òpó kúkúrú náà mọ́lẹ̀, wọ́n sì ti fi bíríkì láti ilé ara wọn tẹ́ gbogbo ibi tó ṣófo. Jíbrílù na ọwọ́ láìgbójú sókè, Àmúdàtù fi gíláǹdì lé e lọ́wọ́. Ó tún na ọwọ́, obìnrin náà fi òrùka lé e. Jíbrílù tú okùn irin kébù kalẹ̀ bí irun orí, ó tẹ̀ wọ́n ká gíláǹdì, ó fún wọn pa. “Jókòó dáadáa, ọmọ mi. Bẹ́ẹ̀ ni. O ò ní jà mọ́.” Àwọn èèyàn gbọ́ ọ, wọ́n mọ̀ pé ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀.

Nígbà tó fún ohun gbogbo tán, ó mú gílóòbù kékeré kan tó so mọ́ bátìrì tọ́ọ̀ṣì. Ó fi wáyà rẹ̀ kan kan ara gíláǹdì, ó ní kí Àmúdàtù fi èkejì kan ọ̀pá ẹ̀gbẹ́ kànga. Bó ti kàn án, gílóòbù kékeré náà tàn.

“Ó ti mọ ọ̀nà ilé,” ni Jíbrílù wí.

“Jẹ́ kí n tún rí i.” Àmúdàtù yọ wáyà náà, gílóòbù kú. Ó tún fi kàn án, ó tàn. Bí wọn kò bá fà á lọ́wọ́, ibẹ̀ ni ì bá wà títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.

Oòrùn ti ń wọ̀ lápá ọ̀sà. Bẹ́ǹṣì ti kún, ògiri ti kún, orí igi àgbọn tó wà lágboolé kejì kò ṣófo. Àwọn àna Síkírù ti dé pẹ̀lú ẹní tiwọn. Jíbrílù pààrọ̀ fíúsì, ó sì kúrò nídìí súìṣì.

“Ẹ̀yin lẹ máa tàn án, Ìyá Ganiat.”

Àmúdàtù fi ọwọ́ lé e. Ó fà á.

Òpó gbogbo tàn lójú ìrọ̀lẹ́, wọ́n pọ́n ròrò bí ọsàn. Kí ariwo tó rọlẹ̀, Síkírù ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí ẹ̀rọ, ìmọ́lẹ̀ sì ta láti inú ilé kékeré náà sára ògiri funfun. Reluwé ni wọ́n kọ́kọ́ rí. Ó yọ láti ọ̀nà jíjìn, ó kéré bí èèrà, ó ń tóbi bọ̀, èéfín ń tú lórí rẹ̀, ó dojú kọ àwọn tó jókòó níwájú gan-an. Bẹ́ǹṣì mẹ́ta àkọ́kọ́ dìde, wọ́n sì fẹsẹ̀ fẹ. Àwọn tó wà lẹ́yìn ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, títí reluwé náà fi sún mọ́ tòsí sí i, làwọn náà bá dìde.

Àmúdàtù rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Nígbà náà ló rí ọkùnrin kúkúrú kan lẹ́nu ọ̀nà, tó wọ kóòtù ṣọ́ọ̀ṣì, tí ìyàwó rẹ̀ di apá rẹ̀ mú.

“Bàbá Rónkẹ́! Ṣé ẹ ò ní ẹ kì í wo síníma lọ́jọ́ ìsinmi?”

“Ẹ ò gbọ́ ìyẹn lẹ́nu mi,” ni Sámúẹ́lì dáhùn, ojú rẹ̀ kò kúrò lára ògiri. “Mo wá wò bóyá àwọn gíláǹdì mi wọ̀ dáadáa ni.”

“Ó wọ̀ dáadáa. Ẹ jókòó.”

Ó jókòó. Nígbà tí eré náà parí tí ògiri sì padà funfun, kò sẹ́ni tó dìde. Wọ́n ń wo ògiri náà bí ẹni pé ó ṣì ní nǹkan tó fẹ́ sọ. Àgbàlagbà kan láàárín àwọn àna Síkírù ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́, ó ní kí wọ́n tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Gbogbo àgbàlá gbà á lẹ́nu rẹ̀. Síkírù yọ orí láti inú ilé ẹ̀rọ, òógùn bò ó, eyín rẹ̀ ń dán.

“Àǹtí mi, kí ni kí n ṣe?”

Àmúdàtù wá àyè fún ara rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì iwájú pátápátá, láàárín Adéníkẹ́ àti ìyá arúgbó kan, ó jókòó pẹ̀sẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀.

“Tún un yí!” ló kígbe. “Èmi alára ò tíì rí i dáadáa!”